Ẹṣin Àyágùn àti Òkúta Ìyá Àgbà

Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ṣe máa ń dún lórí òkúta ní Ilé Onílántánà nígbà kan, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kí ìrun àárọ̀ tán títí oòrùn yóò fi mú. Ìró náà kì í pariwo. Ó máa ń rọra wọni létí bí òjò tó ń ta sórí páànù lókèèrè, àwọn tó sì ti kúrò ní Ìlọrin láti èwe ṣì ń gbọ́ ọ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Òkúta pupa ni àwọn ọkùnrin ilé náà ń lọ̀ lórí ọlọ títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ lántánà tó ń dán bí ojú ẹyẹlé. Àwọn ọmọbìnrin a máa bu omi sí i kí ó má baà gbóná.

Ìró yẹn ti kú. Ọlọ kan ṣoṣo ló kù nínú agboolé náà, lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kún fún ipa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ́ sí i. Ẹ sì mọ ohun tí Àbdùlkàdírì, ọmọ ọmọkùnrin Ìyá Àgbà, ń fi í ṣe? Orí rẹ̀ ló ti ń fọ bàtà. Ó ní àwọn ipa yẹn dára fún ìdí bàtà, wọ́n máa ń ha ẹrẹ̀ kúrò.

Kàdírì, bí gbogbo ilé ti ń pè é, ku ọdún kan kó jáde girama. Ó mọ irú bàtà tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù ń wọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní orúkọ ọkùnrin tó bí ìyá bàbá rẹ̀, ojú sánmà ni yóò kọ́kọ́ wò. Irú ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígboro báyìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Muhammad Awwal, kò sàn jù ú lọ. Iṣẹ́ ti Awwal ni kó máa gé fídíò lórí fóònù, kó fi orin sí i, kó sì máa pe ara rẹ̀ ní dírẹ́kítọ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, Hamzah, àbúrò bàbá Kàdírì, fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù Kàdírì láti Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí Hamzah ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mábùrì, ìlú kékeré kan tí oko àgbàdo yí ká, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Bàbá Amẹ́ríkà. Ayẹyẹ tí ìlú náà máa ń ṣe lọ́dọọdún láti rántí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, ti ọdún tó kọjá, ló wà nínú fídíò náà. Ọkọ̀ panápaná pupa ń rọra wọ́ lọ lójú títì, àwọn ọmọ iléèwé ń fọn fèrè tẹ̀lé e, ìyá arúgbó kan sì dúró lórí pèpéle, ó ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe gbẹ́ kànga kan tí gbogbo ìlú fi yè ní ọdún ọ̀dá.

Awwal, tí wọ́n jọ ń wò ó, bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún kànga! Ọmọ, ṣé gbogbo ìlú náà nìyí? Ọjà Gàmbàrí jù ú lọ."

"Gbọ́ ná," ni Kàdírì wí, "ó kọ ọ́ síbí pé ọdún àádọ́jọ ni wọ́n máa ṣe lọ́dún yìí. Àádọ́jọ péré! Agboolé wa ti dàgbà ju ìlú wọn lọ."

"Wo ọkùnrin tó gbé àgbàdo dé bí fìlà yẹn. Wo irùngbọ̀n rẹ̀!"

"Ọba àgbàdo nìyẹn. Kábíyèsí o!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ títí ohùn Bàbá Amẹ́ríkà fi jáde: "Àbdùlkàdírì ọmọ mi, lọ́dún yìí, wọ́n ní kí àwa tí a wá láti ibòmíràn náà sọ ìtàn ilé wa. Mo ti kó ìlẹ̀kẹ̀ lántánà tí Ìyá fún mi sínú àpótí gíláàsì ní ilé ìkàwé wọn. Ẹ̀gbẹ́ bàtà ọkùnrin tó gbẹ́ kànga yẹn gan-an ni wọ́n gbé e sí. Lọ jókòó ti Ìyá, kí o ya fídíò wọn bí wọ́n ṣe ń sọ nípa bàbá wọn, kí wọ́n sì lọ òkúta díẹ̀, kí àwọn ará ibí gbọ́ ìró rẹ̀. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́, ó fọ ọṣẹ bàtà kúrò lára ọlọ. Ó wọ léèsì rẹ̀ tó mọ́ jù, ó da ìborùn funfun borí, ó sì jókòó ti òkúta. "Ọkọ mi, mo ti ṣe tán o!"

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kàdírì ní iná ò sí, fóònù ti kú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní àwọn ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Òkúta ti gbẹ o," ni Ìyá Àgbà wí. "Àbí ẹwà mi ló ń dẹ́rù bà ọ́?"

Ìtìjú ló ń ṣe Kàdírì. "Kí àwọn òyìnbó máa wo ìyá mi àgbà bó ṣe ń lọ òkúta nílẹ̀ẹ́lẹ̀?" ló sọ fún Awwal. "Wọ́n á ní inú ihò là ń gbé."

"Ẹṣin ni kó o fi hàn wọ́n," ni Awwal dáhùn. "Ṣé o ò rí bí ayé ṣe ń wá wo àwọn ẹlẹ́ṣin níbi ọdún Dọ́bà wa? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹṣin."

Bí Kàdírì ṣe di ọmọ ẹlẹ́ṣin nìyẹn. Ó yá babanrígá, ó yá láwàní tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀, wọ́n sì tì í gun orí ẹṣin lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n bàbá Awwal. Ẹṣin náà ò tilẹ̀ rìn. Koríko ló ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ aládé wa fi ń sọ èdè òyìnbó lórí rẹ̀ pé, "Ìran ẹlẹ́ṣin ni wá. Orí ẹṣin ni bàbá ńlá mi wà tó fi wọ Ìlọrin. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan nínú ìdílé wa." Awwal fi ìró fèrè kàkàkí sí i, ó fi eruku sí i, wọ́n bá fi ránṣẹ́.

Kàdírì délé, ó bá Ìyá Àgbà nínú léèsì rẹ̀. "Bàbá Amẹ́ríkà ní wọn ò nílò ó mọ́," ló wí. Ìyá Àgbà bọ́ léèsì náà, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí.

Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni fídíò náà tẹ Bàbá Amẹ́ríkà lọ́wọ́, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, ó sì fi í ṣọwọ́ sí ilé ìkàwé láìwò ó.

Ọjọ́ kejì ló pe Ìyá Àgbà lórí fóònù. Kàdírì ló gbé fóònù náà dání fún un, kí ohùn lè jáde síta.

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín ò yá ni, tí ẹ ò fi lè lọ òkúta?"

"Ara mi le, alihamudulilai. Ìwọ lo ní o ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Bàbá Amẹ́ríkà. "Ìyá, wọ́n fi fídíò ọmọ-ọmọ yín lórí ẹṣin hàn lójú ògiri, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó ọmọ agbẹ́kànga yẹn wá yíjú sí mi. Ó ní, 'Hamzah, tí kò bá sí oníṣẹ́ ọwọ́ nínú ìdílé yín, ta ló wá ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yìí?' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí ni mo ti ń sọ fún wọn pé ọmọ-ọmọ alọ̀lántánà ni mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ló wá sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó palẹ̀ àwọn nǹkan yẹn mọ́, àmọ́ mo ti kó ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde. Àyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà yẹn." Kò béèrè Kàdírì. Ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì pa fóònù.

Ìyá Àgbà na ọwọ́. "Gbé e wá kí n wò ó."

Ó wo fídíò náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín tó dùn-ún gbọ́. "Ẹṣin ta nìyí?"

"Ti ẹ̀gbọ́n bàbá Awwal ni, mà."

"Ó lẹ́wà jù ọ́ lọ. Kò sì parọ́. Bàbá mi kò fẹ́ràn ẹṣin rárá. Ẹṣin tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ rí, wọ́n sì ń tiro títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ò ń ṣe bí i wọn yìí, ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó lórí ẹní, wọ́n á ní, 'Àhmádù, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò ní wọlé láìsí lántánà.' Bàbá mi ò ní gbójú sókè. Bàbá á ní, 'Ẹ padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì.' Àwọn ẹlẹ́ṣin á sì padà wá. Ìwọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ fún, o wá lọ yá ẹṣin gùn."

Kàdírì ò lè gbé ojú sókè. Ó pe Awwal, bóyá àwọn lè jọ bẹ̀bẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, fídíò ni mo yà," ni dírẹ́kítọ̀ àgbà wí, "ẹnu rẹ lo fi sọ̀rọ̀," ó sì pa fóònù.

Kàdírì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ sí Bàbá Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ pé Awwal ló kó bá òun. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé eré lásán ni. Ó pa á rẹ́. Ó rántí bí òun ṣe fi àwọn ará Mábùrì ṣẹ̀sín. Àwọn yẹn mọ ẹni tó gbẹ́ kànga wọn, wọ́n sì tọ́jú bàtà rẹ̀ sínú gíláàsì. Òun tí agboolé òun dàgbà ju ìlú wọn lọ, bàtà lòún ń fọ̀ lórí òkúta bàbá ńlá òun. Ó yé e lọ́jọ́ náà pé ẹni tó ń tijú orírun rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi yangàn níwájú ẹnikẹ́ni, àfi ohun tó bá yá.

Ó dìde, ó bu yanrìn, ó fi kànrìnkàn fọ gbogbo ipa ọlọ náà títí kò fi sí òórùn ọṣẹ lára rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà wò ó, ó pòṣé, lẹ́yìn náà ló tú òkúta pupa kan jáde láti ìdí aṣọ tó ti di í mọ́ tipẹ́.

"Ṣé kí n wọ léèsì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Kàdírì gbé fóònù ti ara ògiri, ó mú igbá omi. Ìyá Àgbà fi òkúta náà sójú ipa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn.

"Díẹ̀díẹ̀! Ṣé o fẹ́ rì í lómi ni?"

Nígbà tí wọ́n parí, Kàdírì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa á rẹ́:

"Bàbá, èmi ni mo parọ́, Awwal kọ́. Ilé wa ló ń tì mí lójú, mo sì dójú tì yín. Fídíò tòótọ́ nìyí. Àhmádù ni orúkọ bàbá Ìyá Àgbà, lántánà ni wọ́n ń lọ̀, ẹṣin tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ ni, wọn kò gùn ún. Ọwọ́ Ìyá Àgbà lẹ ń wò, ọwọ́ tó ń bu omi ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi han ìyá oníkànga, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbọ́ bí bàbá wọn ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dá ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sínú gíláàsì."