Ọwọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fọwọ́ Kàn

"Jẹun díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Ṣé kí n bá ẹ gé e wẹ́wẹ́?"

Ìyá wọn, aránṣọ, ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n Kékeré bẹ́ẹ̀. Kékeré jowú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ oníbàárà tó ń lọ̀.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí gíláàsì fèrèsé gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Egbò ti jiná. Síbẹ̀, ó lóun ò lè fọ abọ́, òun ò lè gbálẹ̀, atẹ́gùn fáànù pàápàá ń ta òun bí iná. Gbogbo iṣẹ́ ilé wá di ti Kékeré, bẹ́ẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá ò sì bi í bóyá ó kàwé.

"Irọ́ ni Àǹtí ń pa," Kékeré sọ lọ́kàn ara rẹ̀. "Tí mo bá tú àṣírí yìí, Màmá á rántí pé àwọn bí èmi náà."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá lọ ra bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí, ó ń tòògbé. Kékeré yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ìdérí ìkòkò méjì mọ́ra wọn, gbàmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta gìrì, ó ké, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì ń sunkún títí ìyá fi dé tó gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn.

Kékeré ò tiẹ̀ jẹ́ kí dókítà jókòó kó tó rojọ́, bí ọlọ́pàá tó mú olè.

"Dókítà, irọ́ ni. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ìdérí ìkòkò ni mo kàn gbá lẹ́yìn wọn."

"Ìwọ lo já a láyà?" Dókítà di ọwọ́ aláìsàn mú méjèèjì. Tòsì lọ́wọ́ọ́rọ́, tọ̀tún tutù, ó ń làágùn. "O ṣeun. Ohun tí mò ń wá lo sọ yẹn."

Ó yíjú sí ìyá. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn iṣan kan wà tó ń mú àyà wa já, tó ń mú òógùn bò wá tẹ́rù bá bà wá. Ọ̀rọ̀ ìrora ò kàn wọ́n. Àmọ́ nígbà mìíràn, tí iṣan ìmọ̀lára bá gé, wọ́n á tojú bọ̀ ọ́. Ìpayà lásán á wá di ìrora gidi. Ọmọ yín ò purọ́."

Ojú ti Kékeré. Ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Owú ló ń jẹ mí. Ẹ̀yin nìkan ni Màmá ń rí."

"Èmi náà ń jowú ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Tó o bá ń lọ aṣọ, ọwọ́ ẹ ni mo máa ń wò."

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìrora ọjọ́ yẹn fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú Kékeré báyìí ló sì ṣe. Ó wá yé e pé ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àti pé kò yẹ kí ẹni tí nǹkan náà ò dùn pe onítọ̀hún ní òpùrọ́. Láti ìgbà náà, tó bá ń se oúnjẹ, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń de ìkòkò.