Ilé Òkúta Tó Ń Dáhùn

Ọjọ́ tí ìránṣẹ́ ààfin gun òkè wá nínú ẹ̀wù àrán pupa, tòun ti ọ̀pá idẹ lọ́wọ́, agbẹ́kùúta ti mọ̀ kó tó yanu pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í dùn. Ọdún kejì rèé tí ogun ti kó ìlú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kábíyèsí ní kí n kí yín."

"Kádé pẹ́ lórí. Kí lẹ mú wá?"

"Àwọn tó ṣẹ́gun wa fẹ́ kọ́ kóòtù. Òkúta ilé ìbọ yìí ni wọ́n yàn. Bí ẹ ò bá tú u, wọn á fi ẹ̀tù fọ́ ọ."

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́ ilé ìbọ náà, ilé òkúta lásán. Bí èèyàn bá dúró láàárín rẹ̀ tó fi ohùn ìsàlẹ̀ kùn, ògiri á gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀, á máa hó bí oyin, títí àyà onítọ̀hún á fi máa gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n agbẹ́kùúta lobìnrin ló ń ké pe òrìṣà níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀. Nílé rẹ̀, igbe ni wọ́n ń ké sí i; ṣùgbọ́n nínú ilé òkúta, àtẹ́lẹwọ́ àti eegun rẹ̀ ló fi ń gbọ́, ó sì ń gbọ́ ketekete.

Agbẹ́kùúta gbà láti tú u, kí wọ́n má baà fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Ó yọ òkúta kan ṣoṣo lẹ́yìn ògiri, kò tóbi ju àgbò lọ. Ó wọlé, ó kùn. Ilé dákẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ti òkúta náà padà, ó fi amọ̀ dí i yí ká, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó tún kùn. Ohùn rẹ̀ kàn bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò tíì mọ ohun tí ààfin ní kí wọ́n ṣe, dé. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ògiri.

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ gbọ́ ọ?"

Ojú tì í láti jẹ́wọ́. "Mo gbọ́," ló pariwo sí i létí. "Ó dáhùn dáadáa."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé èmi ni n ò gbọ́ mọ́. Ó sàn kó jẹ́ èmi ju kó jẹ́ ilé yìí lọ." Ó sọ̀kalẹ̀, kò sì gun òkè náà mọ́ láyé.

Wọ́n tú ilé náà, wọ́n kó òkúta rẹ̀ tán, kóòtù dìde. Agbẹ́kùúta kò lè jẹun bó ti yẹ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní, ó fẹnu sí i létí, ó ké gbogbo òtítọ́ náà síta, títí omijé fi gba ojú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sinmi. Etí obìnrin náà ti kú pátápátá. Ó rọra fọwọ́ pa á lórí.

"Ara mi le," ló wí. "O ṣeun tó o wá kí mi."