“Ẹ Má” Kì Í Ṣe “Ẹ Máa”

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan báyìí láàárọ̀, ẹ ó bá ọkọ nídìí ẹ̀rọ, níbi tó ti ń yọ bébà tó há, tó ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ewúrẹ́ olóríkunkun. Ẹ ó bá ìyàwó nídìí kọ̀ǹpútà, gíláàsì rẹ̀ lórí imú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iṣẹ́.

Ìyá Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó yìí. Kò sí iṣẹ́ Yorùbá tó máa jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀. Oníbàárà lè máa kánjú, ó lè ní mọ́tò ń dúró de òun níta, Ìyá Alámì yóò ṣì bi í pé, “Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kọ ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ́?” Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà sórí bébà, ìyàwó òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tó yẹ kí àmì wà ló bà sí.

Lọ́sẹ̀ tí à ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ kọjá ààlà. Omi ya wọ inú ilé, ó ya wọ inú ṣáláńgá, ó gbabẹ̀ wọ inú kànga. Àjọ ìlera fẹ́ kí gbogbo èèyàn tètè gbọ́ pé omi kànga kò ṣeé mu bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n sè é dáadáa. Ọ̀gá àjọ náà, obìnrin kan tí kì í fi iṣẹ́ falẹ̀, gbé iṣẹ́ ìwé ìkìlọ̀ náà wá fún Ìyá Alámì.

Tẹ́lẹ̀, bébà ni ṣọ́ọ̀bù náà máa ń tẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e lọ fún oníṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ látorí kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, kí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan lè tẹ tirẹ̀ jáde. Ìyá Alámì tẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ kà á, kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ọ̀gá ni. Ó ní kí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun yìí, pé àkámọ́ àti àmì ìṣirò ló kún inú ìwé náà, ó dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tú àgbàdo ká.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni,” ni ọkọ wí láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. “Ó ti jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.”

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo ẹ̀bi máa ń já lé. Bí ọbẹ̀ bá jóná pàápàá, wọ́n á fura sí i.

Ọ̀gá kò ní sùúrù fún èyí. Ó ní òun ti ní kí akọ̀wé òun yọ gbogbo àmì kúrò, kó sì fi ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó níbẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará àdúgbò. Yorùbá ṣáà ni gbogbo wa, ó ní, ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí à ń sọ. Kí Ìyá Alámì tó lanu, ọ̀gá ti gbé fóònù sílẹ̀.

Ìpè kejì tó wọlé, bàbá Ìyá Alámì ló pè. Ìsàlẹ̀ òpópó tí ṣọ́ọ̀bù wà ni bàbá ń gbé. Inú ọgbà rẹ̀ ni kànga tí ọ̀pọ̀ ilé ń pọn wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ nígbà tó wà ní géńdé, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kí èèyàn yin omi náà. Láti ìgbà tí omi ti ya, ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì fẹnu kàn án, kó ní sùúrù títí àjọ ìlera á fi sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, wọ́n ti dá mi láre o,” ni bàbá wí, ẹ̀rín sì wà lóhùn rẹ̀. “Àjọ ìlera ti fọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní ká máa mu omi kànga lásìkò yìí. Mo ti fa korobá àkọ́kọ́. Ife ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, gbogbo ilé ló tò sẹ́yìn mi.”

Ọ̀rọ̀ tó dé orí fóònù bàbá rèé, bó ṣe rí gan-an: E ma mu omi kanga lasiko yii. Ajo ilera.

Ẹ̀yin ará, ẹ tún un kà. Kí ni ẹ̀yin ì bá pè é? Àwa fúnra wa la sọ ara wa di bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń tẹ fóònù, “ma” là ń kọ fún ìkìlọ̀, “ma” kan náà là ń kọ fún àṣẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn omi kànga rẹ̀, ohun tó fẹ́ gbọ́ ló máa rí kà.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀,” ni Ìyá Alámì wí. “Èmi ni mo tẹ ìwé yẹn. Ẹ má mu ni mo kọ. Kì í ṣe ẹ máa mu.”

Ìyá Alámì gbọ́ ìró omi tí wọ́n dà nù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró irin: bàbá ti gbé ìdérí bo kànga. Àgbàlagbà náà wá jókòó lé e lórí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ pọn omi kó kọ́kọ́ gbé òun kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀rù ba Ìyá Alámì, inú sì bí i. Ká ní bàbá rẹ̀ kò pè é ńkọ́? Àwọn bàbá tí kò ní ọmọ atẹ̀wé ńkọ́? Ó pe ọ̀gá padà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá kò jiyàn. Ó ní òun á rán àwọn èèyàn òun jáde láti máa kéde, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kò lè dé gbogbo ilé. Kí àwọn ilé ìlera tó ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lè fi èyí tí kò ní tú ká ránṣẹ́, tàmì-tàmì ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ọkọ ní kí wọ́n ké sí àbúrò òun obìnrin, ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ kan so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Eyínfúnjowó ni Ìyá Alámì ń pè é. Ó dé tòun tẹ̀rín, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ta ló fún yín ní fọ́ǹtì yìí?”

Ọkọ ní ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wọn ni, ó ní fọ́ǹtì náà ló ń ya lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà, pé Yorùbá pọ́ńbélé ni.

“Àtọjọ́ náà ló ti ń tàn yín jẹ,” ni Eyínfúnjowó wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

Ó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ní kó dúró ti ògiri. Ó fi Ìyá Alámì sí ìhà kejì ògiri náà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan láyé, nǹkan méjì péré ló mọ̀: iná wà, iná kò sí. Èkíní là ń kọ ní oókan, èkejì là ń kọ ní òdo. Oókan àti òdo tí a bá tò pọ̀ ló ń di nọ́ńbà, nọ́ńbà ni a sì ń fi dúró fún lẹ́tà.

“Bí ẹ bá fi ìka kan ògiri, oókan nìyẹn. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, òdo nìyẹn.” Ó fún àwọn méjèèjì ní bébà kékeré tó sọ lẹ́tà tàbí àmì tí ọ̀wọ́ ìró kọ̀ọ̀kan dúró fún, àkámọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ìyá Alámì kan ògiri, ó gbá a, ó tún kàn án.

“Omi,” ni ọkọ ké láti inú yàrá. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Eyínfúnjowó wá yọ bébà lọ́wọ́ ìyàwó wọn, ó kọ lẹ́tà ẹ síbi tí àkámọ́ wà, ó dá a padà fún un. Bébà tó wà nínú yàrá kò yí padà. Ìyá Alámì kan ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọkọ yẹ bébà tirẹ̀ wò. “Àkámọ́, j, a,” ni ó wí. “Kí ló ń jẹ́ àkámọ́-ja?”

“Ẹja ni mo kọ,” ni Ìyá Alámì wí.

“Ṣé ògiri ló bà á jẹ́?” ni Eyínfúnjowó bi wọ́n.

Ògiri kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ti kàn án ló ṣe dún. Bí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé bí a bá fi ìwé ránṣẹ́, ẹ̀rọ á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì àti ipò tó wà sára ègé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ègé náà lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tó gbà wọ́n á tò wọ́n padà, bí ọ̀kan bá sì sọnù, á ní kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ka ìwé yín, ẹrù ló kàn ń rù.

Fọ́ǹtì ayédèrú yẹn ló ni ẹ̀bi. Nọ́ńbà àkámọ́ ló ń fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwòrán lẹ́tà ẹ ló ń yà síta fún Ìyá Alámì. Nítorí pé láti orí kọ̀ǹpútà kan náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò sẹ́ni tó fura. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà kúrò nílé ni àṣírí tú.

Ọkọ jáde láti inú yàrá, ó ní kí wọ́n kúkú ya fọ́tò bébà náà, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Àbúrò rẹ̀ ní àbá gidi ni, àmọ́ fọ́tò wúwo. Àmì kéékèèké tí kò lóǹkà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àwọ̀ tirẹ̀. Ní àwọn ilé ìlera tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń fà bí ìgbín, ilẹ̀ á ṣú kó tó wọlé tán. Ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà kọ ló fúyẹ́.

“Ṣé kọ̀ǹpútà wá mọ lẹ́tà tiwa ni?” ni Ìyá Alámì bi í. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀. “Àbí kí n yọ àmì kúrò bí gbogbo wọn ṣe ń wí?”

“Ó mọ̀ ọ́n, ìyàwó wa. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Yúníkóòdù. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, ọ náà ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀, àmì ohùn gan-an ní tiwọn. Níbikíbi láyé, nọ́ńbà kan náà ni. Ẹ má yọ nǹkan kan.”

Ẹ ò rí bí ojú Ìyá Alámì ṣe tàn. Eyínfúnjowó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà náà, ó ju fọ́ǹtì ayédèrú nù. Ìyá Alámì jókòó, ó tún ìwé náà tẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó dé ìlà ìkìlọ̀ gan-an, ó rò ó wò. Fóònù àtijọ́ tí kò ní fi àmì hàn dáadáa ṣì lè wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà ó kọ ọ́ báyìí: Ẹ má mu omi kànga láìsè é. Ẹ kò gbọdọ̀ mu ún. Bí ẹnì kan bá ṣi èkíní kà, èkejì á fà á létí.

Eyínfúnjowó kò jẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní fóònù ẹlòmíì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí bàbá, wọ́n sì pè é pé kó kà á sókè.

Bàbá ṣì jókòó lórí kànga. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì kà á bí oníwàásù, tohùn-tohùn, láìkọsẹ̀: ẹ má mu. Àwọn ará ilé tó yí i ká tún un wí tẹ̀lé e. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Alámì bú sẹ́kún ayọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń lùlù.

Kí àwọn ilé ìlera tó ti ilẹ̀kùn, ọ̀gá ti pè padà. Gbogbo wọn ló ti ṣí i, kò tú ká níbì kankan. Ìwé náà dé ilé dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà láti wá dúpẹ́, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé àjọ òun kò ní yọ àmì kúrò lórí ìkìlọ̀ kankan mọ́. Ní òpópó yẹn, omi ya, omi gbẹ, inú kò run ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá máa kọ Yorùbá lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tòótọ́ ni kí ẹ lò, ẹ má fi àmì míì dọ́gbọ́n sí i. Ẹ má sì gbára lé ojú ẹ̀rọ tiyín nìkan: ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, kó kà á sókè sí yín létí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí, ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ẹnì kankan kò fi ní ṣì í kà. Bí ẹ bá sì gba ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn nípa ìlera, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó gbé ife sẹ́nu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti fọ kànga bàbá, wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti dáa. Lọ́jọ́ náà gan-an ni bàbá rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ọmọ òun tẹ àkọlé kan fún òun, kó kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ṣì wà lára kànga náà. Ẹ MÁA MU OMI YÌÍ, bẹ́ẹ̀ ló wí. Lẹ́tà A méjì ló wà níbẹ̀, bàbá ló kà wọ́n fúnra rẹ̀.