Ẹ̀gbọ́n Tó Tòkè Òkun Dé

Lyle wà nínú yìnyín tó mù ún dé orúnkún, ó ń so rọ́bà kan tí omi igi ń gbà kọjá, tí ẹ̀ka igi já, nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Kò sáré. Òtútù ti sọ ìka rẹ̀ di igi, ó sì rọra ń fi wọ́n di rọ́bà náà mú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Lyle, fi ìyẹn sílẹ̀, wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Armand Thibault, bàbá rẹ̀, ké láti ìsàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ní kó fi sílẹ̀ yìí, òun kan náà ló pàṣẹ láàárọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ bá a ní píparí. Lyle rẹ́rìn-ín kíkorò, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Colette ni ẹ̀gbọ́n ọ̀hún. Ọdún mẹ́wàá ló fi ju Lyle lọ, Lyle sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún kẹta rèé tí Colette ti wà ní Scotland, tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé lórí ilẹ̀ irà. Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù kẹta, á wọ bàálù wá sílé ní Vermont fún ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí ìgbà náà ni omi máa ń sun lára igi mápù, tí ìdílé Thibault á gbé e kaná títí á fi di oyin igi. Oyin yìí ni wọ́n fi ń jẹun láti ọdún dé ọdún.

Nígbà tí Lyle wọ ilé ìdáná, dónọ́ọ̀tì gbígbóná ló kún orí tábìlì. Láti oṣù kejìlá ló ti ń bẹ Nadine, ìyá rẹ̀, pé kó dín dónọ́ọ̀tì. Ìyá ní kò sí àyè. Ọjọ́ tí Colette dé ni àyè wá yọ.

"Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ dáadáa, kì í sì í dá," ni Colette ń wí, ẹnu rẹ̀ kún fún dónọ́ọ̀tì. "Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohùn mi nínú báàsì báyìí, á ní, 'Ará Amẹ́ríkà, kí ló ń ṣe ìjọba yín?' Bíi pé èmi ni wọ́n ń bi kí wọ́n tó ṣòfin."

Bàbá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dókítà mi," ló ń pè é. Kò tíì di dókítà kankan.

"Ohùn ẹ ti yí," ni Lyle sọ. "O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn."

"Lọ́hùn-ún, wọ́n ní ohùn mi le bí òkúta. Níbí, ẹ ní mo ti di àjèjì. Ẹ kúkú sọ ibi tí mo máa gbé orí mi sí."

Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín, àfi Lyle. Ká má purọ́, owú ló ń jẹ ọmọ náà, kì í sì í ṣe owú kékeré. Òun ló lu ihò sára igi nínú òtútù oṣù kejì. Òun ló la igi ìdáná, tó to ó, tó sì ń jí ṣáájú àkùkọ lọ wo rọ́bà kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkankan ju Lyle lọ. Ẹni tó lọ ni wọ́n ń ṣàárò rẹ̀, ẹni tó dúró kò sẹ́ni tó ń wò ó. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Nínú ìdílé wọn, ẹnì kan ló máa ń ṣí ẹnu páìpù agbada tí wọ́n fi ń se é, kí oyin àkọ́kọ́ ọdún tú jáde, ẹni yẹn ló sì ń mu ife àkọ́kọ́, tí àwọn tó kù á dúró máa wò ó. Ọdún méjì léra wọn, Colette ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń to igi jọ lọ́dún tó kọjá, bàbá wọn ti gbá Lyle léjìká, ó ní, "Ìwọ ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀." Lyle ò gbàgbé.

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ràn, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára igi. Nínú ahéré tí wọ́n ti ń se oyin, agbada onírin ńlá náà ń hó, oru omi funfun sì gba gbogbo inú ahéré kan. Colette wà níta, ó ń fọ ìgò. Bàbá wọn fi ṣíbí bu omi tó ń hó, ó wò ó.

"Kò ní pẹ́ mọ́. Pe Colette wá, kó wá ṣí oyin àkọ́kọ́."

Lyle kọ́kọ́ rò pé etí òun ló dì. "Dádì, ẹ ti ṣèlérí fún mi."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá péré ló ní. Ìwọ wà níbí títí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Lyle lára ju òtútù lọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà, fóònù bàbá rẹ̀ dún: aládùúgbò kan ní igi ti wó lu rọ́bà ńlá wọn lórí òkè, omi sì ń dà nù. Armand já ẹ̀wù òtútù rẹ̀ gbà, ó ké pe Colette wọlé, ó sì kọjú sí Lyle.

"Ẹ máa ṣọ́ ọ. Lyle, sọ ti ike yẹn fún un." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ike kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, tó ń léfòó lórí omi. Bí omi bá ti ń gbẹ, ike á sọ̀ kalẹ̀, omi tuntun á sì wọlé. Àmọ́ lẹ́yìn tí Colette padà lọ lọ́dún tó kọjá ni ike náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bó bá há, omi ò ní wọlé mọ́, kò sì ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí agbada á fi gbẹ táútáú lórí iná. Lyle máa ń fi ṣíbí igi kàn án, á sì já wálẹ̀. Colette ò mọ èyí. Nígbà tirẹ̀, ike náà kì í há.

"Kí ni Dádì ní kó o sọ fún mi?" ni Colette bi í bó ṣe ń wọlé.

Lyle wo ike. Ó ti há.

"Kò sí," ló wí. "Ó ní kó o máa fi bọ́tà díẹ̀ sí i bó bá ń hó sókè, kó má bàa kún dà nù."

"Ìyẹn nìkan? Mo ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ó dáa nígbà náà. Jẹ́ n lọ kó igi wá."

Ó jáde lọ síbi tí wọ́n to igi sí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí agbada jó. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí oyin náà kàn korò díẹ̀, kí bàbá wọn dé, kó tọ́ ọ wò, kó fajú ro, kó sì sọ pé, "Lyle, wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé igi mẹ́ta, ó tún kó wọn sílẹ̀. Ó tún wọn tò. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé kó padà, ó sì ń dá inú rẹ̀ lóhùn pé ó kù díẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé ibi tó wà, òórùn ṣúgà tó jóná. Lyle sáré. Èéfín dúdú ń tú jáde láti òrùlé ahéré, Colette sì ń fi korobá da yìnyín sínú agbada gbígbẹ náà. Bí yìnyín ṣe kan irin gbígbóná, oru omi bú jáde, ó sì gba gbogbo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Igbe tó ké, Lyle ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó fà á síta, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú yìnyín, ó sì padà wọlé lọ kó yìnyín dà sí ojú ààrò títí iná fi kú.

Nígbà tí bàbá wọn dé, ìdí agbada ti dúdú, ó ti wọ́, ó sì ti lu.

"Èmi ni, Dádì," ni Colette wí. "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ mi."

Armand kọjú sí Lyle. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lọ kó igi."

Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Dókítà di ọwọ́ Colette láti ìka dé ọrùn ọwọ́, ó ní yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lè lò ó. Omi igi ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń ya lọ́sàn-án, kò sì sí agbada tí wọ́n máa fi sè é. Kí aládùúgbò tó rí èyí tó kéré kan yá wọn, ọjọ́ mẹ́rin kọjá tí wọ́n fi ń da omi tó ti kan nù sórí yìnyín.

"Bóyá kí n má wá lóṣù kẹta mọ́," ni Colette sọ nídìí oúnjẹ. "Kí n máa wá ní Kérésìmesì bí àlejò. Kí n jẹun, kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n padà."

Bàbá wọn ò sọ pé rárá. Ṣé ohun tí Lyle ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí kọ́ nìyẹn? Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ó ti àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, òun àti bàbá rẹ̀ ń da korobá nù. Ó dúró.

"Dádì, ike yẹn ti há kí n tó jáde. Mo rí i. Mi ò sọ fún un."

"Mo ní kó o sọ fún un."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Armand dojú korobá délẹ̀, ó sì jókòó lé e. "Kí ni ẹ̀gbọ́n ẹ fi ṣe ẹ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ ní mo wà níbí títí."

"Mo jẹ̀bi ìyẹn, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé èmi lo bá jà? Ọwọ́ ta ló jóná?" Armand dìde. "O ò tún ní dá dúró ti iná mi lọ́dún tó ń bọ̀. Wá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ fúnra ẹ. Tó o bá sì sọ ọ́ tán, ìwọ ni ọwọ́ rẹ̀ títí tirẹ̀ á fi san."

Colette wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka òsì tẹ̀wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lyle dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọjọ́ mẹ́rin," ni Colette wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sunkún pé mi ò mọ iṣẹ́ ilé wa mọ́. Yàrá ẹ ló tẹ̀ lé tèmi. Ṣé o ò gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé èmi ni mo ní kí Dádì fún mi ní oyin àkọ́kọ́?"

"Rárá."

"Ká ní o sọ pé, 'Colette, èmi ló kàn,' ǹ bá ní kó o gbà, kí n lọ kó igi. Ṣé o sọ ọ́?" Ó yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀. "Jáde, jọ̀ọ́."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi padà sí Scotland. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fóònù Lyle dún láàárọ̀ kùtù.

"Dádì ní ìwọ ni ọwọ́ mi. Fóònù tí mo ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ò gbọ́ mi mọ́, ohùn mi ti di àdàlù. Ìwé mi gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù karùn-ún tó parí. Jókòó, máa tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kí Lyle tó lọ sílé ẹ̀kọ́, Colette á máa wí, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Díẹ̀díẹ̀ ló wá ń gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í gbóná ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́. Ẹ̀wà orí búrẹ́dì ló ń jẹ lálaalẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀gá rẹ̀ ti dá orí ìwé kan ṣoṣo padà. Orí irà ló wà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, òun nìkan, tó ń wọn omi, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin. Kò sọ èyíkéyìí rí nídìí tábìlì wọn. Ìtàn ẹ̀rín nìkan ló máa ń kó wálé, ìtàn ẹ̀rín náà sì ni Lyle ti ń jowú.

Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n dé ojú ìwé ìdúpẹ́. Colette dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ó dárúkọ àgbẹ̀ tó jẹ́ kí òun rìn lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ Armand àti Nadine Thibault. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Ó parí."

Lyle fi àmì náà síbẹ̀. Owú ọjọ́ oyin tún gbé orí dìde.

"Colette, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí."

"Mo ń retí bóyá wàá sọ ọ́," ni Colette wí. Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀, àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta. "Ọwọ́ ṣì ń dùn mí, mi ò sì tíì dárí ẹ̀ jì ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́. Kọ ọ́ síbi tó bá wù ẹ́."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kò sí ẹni tí owú kì í jẹ, ọmọ ilé àti ọmọ òkè òkun. Ẹni tó bá sọ ọ́ jáde á rí ẹni bá a pín in. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni yóò jóná. Lyle ti mọ̀ ọ́n báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi kọ́ ọ. Ó wo ojú ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn orúkọ ìyá wọn.