Ilé-Ẹjọ́ Tó Sún Mọ́ Yín Lè Má Láṣẹ Lórí Ẹjọ́ Yín

Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ìyá aránṣọ kan máa ń sá sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yìí, àbúrò rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá Ògbufọ̀ ilé kejì ni."

Bàbá náà, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀ níwájú adájọ́, gbé ṣòkòtò tó ya dání. "Ìgbà wo ni mo di ọlọ́pàá tí ẹ fi ń sá fún mi?"

Aránṣọ yọ jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni àbúrò wí. "Ọ̀la ni ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí adájọ́ kò bá fún wọn ní ibi ìsádi ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọn yóò dá wọn padà sí."

"Ilé-ẹjọ́ wo ni?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ yìí ni," ni aránṣọ fèsì. "Nígbà tí mo kó wá síhìn-ín, mo mú àdírẹ́sì mi tuntun lọ fún wọn. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú."

"Ìwé ìpè yín dà?"

Aránṣọ fọwọ́ kan jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Ó ti rán ìwé náà mọ́ inú rẹ̀ kí ó má baà sọnù. Láti oṣù mẹ́ta, kò tíì tú u wò.

"Ẹ tú u."

Ó fi abẹ gé òwú náà, ó sì na ìwé náà sí i. Bàbá ka orí ìwé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìyá, ìlú tí ẹ ti kó wá ni ẹjọ́ yín ṣì wà. Ti ìhín kò láṣẹ láti gbọ́ ọ."

"Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ńkọ́?"

"Òǹtẹ̀ pé wọ́n gba ìwé ni. Ẹ kò kọ̀wé bẹ adájọ́ kó gbé ẹjọ́ náà wá. Bí wọ́n bá pè yín lọ́la tí wọn kò rí yín, wọ́n lè dá a lẹ́yìn yín."

"Mo gbé! Ọ̀nà wákàtí mẹ́fà!"

"Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò tíì lọ. Àbúrò, pe agbẹjọ́rò wọn. Ṣòkòtò tèmi lè dúró."

"Bàbá, bí adájọ́ bá kọ̀ ńkọ́?" ni aránṣọ béèrè.

"N kò mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí yín kó tó sọ ọ́."

Aránṣọ bá ọ̀nà lọ, inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì tú sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹjọ́ yín kì í déédéé bá yín kó. Ẹ wo orúkọ ilé-ẹjọ́ tó wà lórí ìwé ìpè yín lónìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, ibẹ̀ náà ni kí ẹ sì máa lọ títí adájọ́ yóò fi fi ìwé sọ fún yín pé òun ti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ mìíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà sí ìwé àdéhùn: ẹ wá ìlà tó sọ ilé-ẹjọ́ tí yóò yanjú aáwọ̀. Bó bá jìnnà ju ibi tí ẹ lè dé lọ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.