Agogo Ìsun Mẹ́ta

Arlene Birdwell ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nígbà náà. A jọ ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì mi, ni ó bá dúró lójijì bí ẹni tó gbọ́ nǹkan. Ó ní, "Mo rò pé agogo ni." Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n jí agogo.

Nígbà tí Arlene ṣì ń ṣe ọlọ́pàá, Delmar Fitch ló ránṣẹ́ pè é, ọkùnrin àpọ́n tí ìjọba fi ṣọ́ ilé àtijọ́ tó wà ní Ìsun Mẹ́ta, nínú aṣálẹ̀ Nevada. Arlene wakọ̀ lọ, kò pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ó bá ilé olókùúta náà níbi tó máa ń wà, omi ìsun ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé agogo onírin tí wọ́n máa ń lù kọ́ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo.

"Bọ̀dá Delmar, ta ló wá síbí lánàá?"

"Ṣé èmi ni mo máa mọ̀? Mo lọ yọ eyín ní ìlú, ibẹ̀ ni mo sùn. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi ọ̀dùnkún pamọ́ sẹ́nu.

"Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́la wá wo ilé," ó ní. "Bí wọn ò bá bá agogo, wọ́n á ní mo ti tà á. Wọ́n á lé mi. Níbo ni mo fẹ́ lọ, Arlene?"

Arlene yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wo àpótí ìjókòó kan tí ẹnì kan gbé wá láti ilé ìdáná sábẹ́ ibi tí agogo wà. Ẹni tó kúrú ló nílò ìyẹn. Olè náà kò fọ́ igi. Nínú ife kan létí fèrèsé, ó ti kó gbogbo nọ́ọ̀tì tó de agogo náà mọ́ igi jọ, ó sì ti fi òróró nù wọ́n.

"Olè wo ló ń tọ́jú nọ́ọ̀tì fún olóhun?" Arlene béèrè. "Géètì ńkọ́?"

"Ó ṣí gbayawu. Èmi ni mo ṣí i kí n tó lọ, kí màlúù aládùúgbò lè wọlé mumi. Ọpọ́n omi wọn jò. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ni mo ṣe bá a. Màlúù sì ti tẹ ipa ọkọ̀ rẹ́."

Pátákó ńlá wà lára géètì náà: Ẹ TI GÉÈTÌ LẸ́YÌN YÍN.

Arlene gba ìlú lọ, sọ́dọ̀ Sprague tó ń ta ohun àtijọ́.

"Arlene! Ṣé o wá rajà ni, àbí o wá mú mi?"

"Agogo Ìsun Mẹ́ta ti sọnù."

"Mo bẹ Delmar títí kó tà á fún mi, ó lé mi bí ajá. Ṣùgbọ́n mi ò jí i."

"Bí ẹ bá dé ibi géètì yẹn, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń tì í! Ṣebí pátákó wà níbẹ̀? Àbí ẹran ni mí? Mo tún máa ń fi wáyà so ó."

Arlene rẹ́rìn-ín. Ará ìlú ń gbọ́ràn sí pátákó. Ẹni tó dàgbà nínú aṣálẹ̀ ti kọ́ òfin mìíràn kó tó mọ̀wé: bí o bá ṣe bá géètì ni kí o ṣe fi í sílẹ̀. Bó bá ṣí, ó nídìí. Òǹgbẹ lè pa màlúù. Kódà bí ẹrù olè bá wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò ní tì í.

Ilé irú wọn kan ṣoṣo ló sì kù ládùúgbò yẹn.

Ilé onípáànù Wilma Yoakum dá wà lẹ́yìn pápá oníyọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tí iyọ̀ bò. Ọkọ rẹ̀, Clell, Ìsun Mẹ́ta ni wọ́n bí i sí. Ìyá arúgbó náà kò ga ju èjìká Arlene lọ. Àwo méjì wà lórí tábìlì.

"Màmá, Bàbá dà?"

"Ó ń sùn."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dán. Ìṣó tí Clell máa ń fi fìlà kọ́ ṣófo.

"Ẹ fún mi ní kọfí," Arlene wí, ó sì jókòó.

Oòrùn ń wọ̀.

"Ṣé o ò ní lọ sílé ni? Ọ̀nà jìn o."

"Mi ò kánjú."

"Alágídí. Bí bàbá rẹ ṣe rí gan-an nìyẹn."

Ojú Wilma kò kúrò lójú fèrèsé. Aṣálẹ̀ pọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ó ń da kọfí sínú ife títí ó fi kún dà sílẹ̀.

"Arlene, jọ̀ọ́, máa lọ."

"Màmá, ẹ lọ lu agogo náà. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá sùn síta nítorí mi."

Wilma wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ká àpò kúrò lórí agogo tó fi okùn so mọ́ òpó, ó sì lù ú. Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà. Kò sí ohun tó dá a lóhùn.

"Kí ló tú mi fó?" ó béèrè, ó sì ń lù ú lọ.

"Géètì."

Wilma rẹ́rìn-ín kíkorò. "Mo rí pátákó yẹn. Ọwọ́ mi ti kan géètì. Mo wá rántí àwọn màlúù."

"Báwo lẹ ṣe mú un?"

"Mo rí i tí ọkọ̀ Delmar ń lọ sí ìlú. Mo gun àpótí, mo fi ìbọ̀sẹ̀ Clell di ahọ́n agogo kó má baà ké." Ó mí kanlẹ̀. "Clell ò mọ̀ mí mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jáde, ó ní òun ń lọ sílé. Mo máa pè é títí ọ̀fun mi á gbẹ, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ tí mo mú un lọ sí Ìsun Mẹ́ta, àlejò kan lu agogo yìí, Clell sì sáré wá bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi pè é wá jẹun."

"Kí ló dé tí ẹ ò tọrọ rẹ̀?"

"Delmar ò lè fúnni ní ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Mo máa dá a padà lọ́jọ́ tí Clell ò bá nílò rẹ̀ mọ́."

"Wọ́n á lé Delmar lọ́la, Màmá."

Wilma fi ọwọ́ bo ẹnu. Àṣé Delmar ti dé; Arlene ti ní kó wá bá òun níbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀," Wilma wí fún un. "Tú u, ọmọ mi. Máa gbé e lọ."

Nígbà náà ni Clell yọ láti inú igbó kékeré kan lẹ́yìn ilé, fìlà lọ́wọ́, ó ń yára bọ̀. Ó wo agogo. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, ṣé oúnjẹ ti jinná?"

"Ó ti jinná, ọmọ mi," Wilma dáhùn. "Fọ ọwọ́ rẹ kí o wá jẹun."

Delmar rìn wá síbi òpó náà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó àwọn nọ́ọ̀tì náà jáde, ó sì dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ Wilma.

"Ẹ fi dè é dáadáa," ó ní. "Okùn yẹn máa já."

"Bọ̀dá Delmar, ọ̀la ńkọ́?" Arlene béèrè.

"Mo máa sọ fún àwọn ọ̀gá pé èmi ni mo yá Màmá ní agogo."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà oníyọ̀ náà lọ sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.