Kò Sí Ìtìjú Nínú Pípadà

Ńṣe ni Tarjei fìdí jókòó sínú yìnyín nígbà tí Gunnvor kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan nínú sìkíì rẹ̀, pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mẹ́sẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín, ti bọ́, ó sì ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè lọ bí ajá tó já okùn.

"Ẹ̀yin ará Jámánì tẹ́ ẹ máa ń wá ṣeré lórí òkè wa, ẹ kì í gbọ́ràn," ni ọmọbìnrin náà wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọmọ Nọ́wè ni mí."

"Irọ́! Tòun ti sìkíì lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bí ọmọ Nọ́wè."

"Háà, ìyá mi ì bá ríyà o."

Gunnvor rẹ́rìn-ín títí òun náà fi jókòó sínú yìnyín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Ìlú Lillesand létí òkun ni wọ́n ti bí Tarjei, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lásìkò tó yẹ kí yìnyín máa bọ́. Àfonífojì orí òkè ni ti Gunnvor, níbi tí yìnyín ti ń lo oṣù méje. Lójú àwọn ará ilé Gunnvor, ọmọ Nọ́wè tí kò mọ sìkíì dà bí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kí àgbà. Ẹnu lè má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú á wò ọ́ bákan.

Ọdún méjì ni wọ́n fi fẹ́ra. Nígbà ọdún Àjíǹde, Gunnvor mú un lọ sí ahéré bàbá rẹ̀ lórí òkè.

"Ọmọ etíkun, káàbọ̀ o!" ni Aslak, ẹ̀gbọ́n Gunnvor, kí i. "Ọkọ̀ ojú omi rẹ dà?"

"Mo so ó mọ́ ìta. Tí yìnyín bá yọ́ tán, ẹ ó wá mi wá kí n fi gbé yín."

Halvard, bàbá wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó ọsàn, ó sì fi ọ̀bẹ tọ́ka síta fèrèsé. "Ahéré tí bàbá mi kọ́ wà lẹ́yìn òkè yẹn. Mo rìn débẹ̀ kí n tó fẹ́ ìyá Gunnvor. Lọ́la, ìwọ àti Aslak ẹ ó lọ, ẹ ó kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, a ó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

"Tí mi ò bá débẹ̀ ńkọ́, bàbá?"

"Kò sí ọ̀rọ̀ nìyẹn."

Lára ògiri, lókè orí Halvard, ni wọ́n gbé òfin ààbò orí òkè kọ́ sí nínú férémù, èyí tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà ní ilé ìwé. Tarjei, tí kò mọ̀ ọ́n yọ̀, mọ òfin yẹn sórí. Ìkẹjọ nínú rẹ̀ ni: *Padà lásìkò. Kò sí ìtìjú nínú pípadà.*

Láàárọ̀, Gunnvor kó ọsàn àti ṣokoléètì sínú àpò Tarjei. "Ọ̀wọ́n mi," ó wí, "jọ̀ọ́, débẹ̀. Nítorí mi."

Ọ̀sán pọ́n, afẹ́fẹ́ sì yí padà. Láìpẹ́ ọ̀run àti ilẹ̀ di funfun kan náà, Tarjei kò sì rí orí sìkíì ara rẹ̀ mọ́.

"Aslak, jẹ́ ká padà!"

"Ó ku wákàtí méjì péré!"

"Ohun tó wà lára ògiri yín ńkọ́?"

"Tàwọn ará ìlú nìyẹn, àti àwọn ará Jámánì!" Yìnyín ti kún irùngbọ̀n Aslak. "Àwa kì í padà. Tí o bá padà, kí lo máa sọ fún Gunnvor?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tarjei lára ju òtútù lọ. Síbẹ̀ ó di apá Aslak mú. Aslak já ara rẹ̀ gbà.

"Máa lọ jàre, ọmọ etíkun! Màá bá ọ kọ orúkọ rẹ."

Kò rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí funfun fi gbé e mì.

Ẹ̀ka igi tí wọ́n rì sínú yìnyín láti fi júwe ọ̀nà ni Tarjei ń tọ̀ padà, láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Halvard ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn Tarjei ló ń wò.

"Aslak dà?"

"Mo bẹ̀ ẹ́, bàbá. Ó kọ̀."

Halvard wọ bàtà rẹ̀ láti jáde lọ wá a.

Ìjì náà jà fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ajá àwọn olùwákiri rí Aslak nínú ihò tó gbẹ́ sínú yìnyín. Ká ní ojú ọjọ́ mọ́ ni, ì bá rí ahéré bàbá bàbá rẹ̀ láti ibi tó kú sí.

Níbi ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló bọ Tarjei lọ́wọ́. "O ṣe é re," ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n àga gígùn tó jókòó lé, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń bu kọfí káàkiri, ife tirẹ̀ sì gbẹ. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.

Gunnvor sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.

"Àyànfẹ́ mi, bá mi lọ."

"O ṣe ohun tó tọ́, Tarjei. Àràárọ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi." Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe fún un. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jọ kú sọ́hùn-ún ni, ǹ bá nífẹ̀ẹ́ rẹ títí ayé."

Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi máa ń pè é ní ọ̀wọ́n ló fi sọ ọ́.

Halvard dé, ó mú nǹkan kan dání tó fi ìwé ìròyìn wé. Férémù ara ògiri ni. "Gbà, tìrẹ ni. Látọjọ́ tá a ti gbé e kọ́, ìwọ nìkan ló kà á."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ kan sọ fún Tarjei ní Lillesand pé Gunnvor ti fẹ́ ọkùnrin kan ní àfonífojì wọn. Ọkùnrin náà rìn dé ahéré yẹn, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò.

Òjò ń rọ̀. Tarjei béèrè pé, "Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà?"

"Ó mọ́ kedere," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Oòrùn ràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀."